Ọkà Àgàn: Ìtàn Bí Irúgbìn Olú Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Èérí

Ìfáárà

Ó lè ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí olú àti ọkà. Ìdí tí mo fi yan kókó yìí kò ju méjì lọ. Èkínní ni pé ìtàn ni, ìtàn kì í sì í ṣe ogún ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Èkejì ni pé ó kan ọ̀rọ̀ tí àwa onímọ̀ èdè kò lè mójú kúrò lára rẹ̀: kí ni à ń pè ní èérí? Kí ni à ń pè ní mímọ́? Ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ọgbọ́n tí a fi ń ya ọ̀kan kúrò lára èkejì?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìṣòro tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tí yóò gbin olú kì í fọ́n hóró sílẹ̀ bí ẹni tí ń gbin àgbàdo. Olú kò ní hóró. Lẹ́búlẹ́bú tí ojú lásán kò lè kà ni ó máa ń tú sínú afẹ́fẹ́, láti ara èyí ni fọ́nrán funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń yọ, fọ́nrán náà gan-an ni olú. Èyí tí a ń ká sínú agbọ̀n kò ju èso rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ fọ́nrán díẹ̀ di púpọ̀ yóò wá ọkà, yóò rẹ ẹ́, yóò sè é, yóò rọ ọ́ sínú ìgò, yóò sì fi fọ́nrán náà sí i. Bí ó bá bọ́ sí i, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, gbogbo hóró inú ìgò náà yóò funfun báláú. Hóró funfun wọ̀nyí ni irúgbìn tí yóò gbé lọ sórí koríko gbígbẹ tàbí èérún igi tí àwọn alágbẹ̀dẹ pákó là dànù.

Ṣùgbọ́n ọkà sísè kì í ṣe oúnjẹ olú nìkan. Gbogbo ohun tí ń mú oúnjẹ bu, tí ń mú un kan, tí ń mú un rà, ni ó fẹ́ràn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbìyànjú iṣẹ́ yìí nínú ilé fi ń rí ìgò tí ó di aláwọ̀ ewé, tàbí dúdú, tàbí pupa bí ọsàn, tàbí tí ó ń ṣomi tí ó sì ń rùn. Ẹni tí ó fi owó oṣù rẹ̀ ra àpò ọkà bàbà kan tí gbogbo rẹ̀ sì bu láàárín ọ̀sẹ̀ kan kì í sábà gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì.

Àbá mi ni pé ọ̀nà mẹ́ta ni èérí ń gbà dé inú ìgò: ó lè bá irúgbìn wá, ó lè wà nínú ọkà tẹ́lẹ̀, ó sì lè gba inú afẹ́fẹ́ wọlé. Ó gba àwọn ènìyàn ní ohun tí ó lé ní igba ọdún kí wọ́n tó mọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ó sì yẹ fún àkíyèsí ni pé púpọ̀ nínú ohun èlò tí wọ́n fi dí àwọn ọ̀nà náà, inú ilé ìdáná ni ó ti wá, àti pé ìgbà tí a tú àṣírí wọn síta ni wọ́n tó wúlò fún mẹ̀kúnnù.

Ìgbà tí irúgbìn kò mọ́

Ìlú Paris ni ọ̀gbìn olú tí àwọn ará Yúróòpù fẹ́ràn jù lọ ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Ní 1600 ni Olivier de Serres ti mẹ́nu kàn án nínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní 1707, Joseph Pitton de Tournefort ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Paris bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń gbìn ín sórí ìgbẹ́ ẹṣin. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ náà wọ inú àwọn ihò tí wọ́n ti wa òkúta ìkọ́lé lábẹ́ ìlú náà, nítorí pé òtútù àti ọ̀rinrin ibẹ̀ kì í yí padà tọ̀sán tòru.

Níbo ni irúgbìn ti ń wá nígbà náà? Àwọn àgbẹ̀ a máa wá òkìtì ìgbẹ́ tí olú ti hù fúnra rẹ̀, wọn a wa ìgbẹ́ tí fọ́nrán ti gbà kan, wọn a sì kó o lọ sórí ebè tuntun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń po ìgbẹ́ oníborùn bẹ́ẹ̀ bí ẹni pọ bíríkì, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Àṣà yìí pẹ́, ó sì bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Àléébù rẹ̀ ni pé ìgbẹ́ kì í gbé ohun kan ṣoṣo dání. Fọ́nrán olú wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́nrán olú mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ wà níbẹ̀, aràn wà níbẹ̀, àrùn tí ń ba olú jẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ra irúgbìn ti ra àrùn pọ̀ mọ́ ọn. Bí àgbẹ̀ fọ ihò rẹ̀ títí tí ó ń dán, èérí tí ó fi owó ara rẹ̀ rà wọlé kò ní ṣàì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣòro yìí kò lè tán nípa fífọ nǹkan. Ó ń fẹ́ kí a lè gba fọ́nrán olú nìkan ṣoṣo, láìsí ẹlòmíràn pẹ̀lú rẹ̀, kí a sì rí oúnjẹ tí kò sí ohun alààyè kankan nínú rẹ̀ láti fi bọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìjà mìíràn ní láti parí ná, ìjà tí kò kan olú rárá: ìjà lórí ibi tí ìdíbàjẹ́ oúnjẹ ti ń wá.

Ikú ilé

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pa ni, ti òde kò lè pa ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ṣe àkótán ẹ̀kọ́ tí ó ṣòro jù lọ nínú ìtàn wa.

Ní 1748, àlùfáà ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ John Needham gbé omi ẹran gbóná, ó dé e, ó sì rí i pé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ àwọn ohun alààyè kéékèèké ti kún inú rẹ̀. Ó ní ara ẹran náà ni wọ́n ti dá ara wọn. Ní 1765, Lazzaro Spallanzani ará Ítálì fèsì. Ó fi iná yọ́ ẹnu ìgò tirẹ̀ pa, ó sè é fún nǹkan bí wákàtí kan, kò sì sí ohun tí ó hù nínú rẹ̀. Needham ní sísè àsèjù náà ni ó pa agbára ìyè tí ó wà nínú omi náà. Àríyànjiyàn yìí kò parí fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí pé ohun tí àwọn méjèèjì ń rí, òótọ́ ni: omi kan a máa mọ́ lẹ́yìn sísè fún ìṣẹ́jú márùn-ún, òmíràn kò sì ní mọ́ lẹ́yìn wákàtí kan.

John Tyndall ni ó fara kó ìṣòro náà jù. Láàárín 1875 sí 1876, ó se oríṣiríṣi omi ẹran àti omi ewébẹ̀ nínú yàrá ìṣèwádìí rẹ̀ ní London, wọ́n sì mọ́ lóló. Nígbà tí ó tún un ṣe ní ìparí 1876, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Ohun kan náà ni ó ń ṣe. Kí ló dé? Ó wádìí títí ó fi rí i pé koríko gbígbẹ àtijọ́ tí wọ́n gbé wọ inú yàrá náà ni ó tú eruku rẹ̀ sí gbogbo ibẹ̀. Ó kó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lọ sí ọgbà Kew ní 1877. Ohun tí ó wà nínú koríko náà ni Ferdinand Cohn ará Jámánì ti ṣàlàyé ní 1876: àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n lè ká ara wọn kò sínú kóró líle nígbà tí ìyà bá dé. Orúkọ èyí tí Cohn yẹ̀ wò ni Bacillus subtilis. Kòkòrò fúnra rẹ̀ yóò kú nínú omi híhó. Kóró rẹ̀ lè gbé inú omi híhó fún wákàtí púpọ̀, nígbà tí ó bá sì tutù, á jí.

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ohun tí a sọ nípa koríko, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkà, nítorí inú oko kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, eruku ilẹ̀ kan náà ni ó sì bò wọ́n. Ẹni tí ó bá se ọkà rẹ̀ lórí ààrò lásán tí ó sì rọ ọ́ sínú ìgò mímọ́ ti bá ikú ilé dì í mọ́ inú. Èyí ni ó ń fa ìgò tí ń ṣomi, tí ń rùn bí ohun kíkan, tí ìdí rẹ̀ kò sì yé ẹni tí ó gbìn ín, nítorí kò ṣí i rárá.

Ohun mìíràn tún wà tí iná ni ó ń jí i. Ní 1842, búrẹ́dì tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ ogun ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí í bu, àwọ̀ pupa bí ọsàn sì bo inú rẹ̀. Orúkọ tí a mọ ohun náà sí láti 1927 ni Neurospora. Irúgbìn rẹ̀ kan wà tí kì í hù àfi bí ooru bí ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius bá kàn án fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ooru tí kò tó, dípò kí ó pa irú ọ̀tá yìí, ṣe ni ó ń kàn án lẹ́kùn.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n rí láti ṣẹ́gun ikú ilé. Ti Tyndall ni èkínní: kí a sè é díẹ̀, kí a jẹ́ kí ó tutù títí kóró yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù, nítorí pé nígbà tí ó bá ń hù ara rẹ̀ ti rọ̀, kí a wá tún un sè, kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Ọ̀nà kejì ni kí ooru kọjá ti omi híhó. Omi kì í gbóná ju ìwọ̀n 100 lọ nínú ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ ṣí. Ṣùgbọ́n bí a bá dé e pa kí ooru rẹ̀ má ráyè jáde, yóò kọjá bẹ́ẹ̀. Ará Faransé kan, Denis Papin, ti ṣe irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní London ní 1679. Nítorí oúnjẹ ni ó ṣe é: ó fẹ́ kí egungun líle rọ̀ kí tálákà lè rí omi ọbẹ̀ nínú rẹ̀. Ó fi ihò kékeré oníwúwo sí orí ìdérí rẹ̀ kí ó má baà bú. Ní 1682, John Evelyn jẹun nínú oúnjẹ tí wọ́n fi ìkòkò náà sè, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Igba ọdún lẹ́yìn Papin, ní 1879, Charles Chamberland tí ó jẹ́ igbákejì Pasteur sọ ìkòkò náà di irinṣẹ́ yàrá ìṣèwádìí. Ìwọ̀n 121 ni ooru inú rẹ̀, kóró tí Cohn rí kò sì lè fara dà á. Ìkòkò préṣọ̀ tí ó wà nínú ilé ìdáná púpọ̀ lónìí, ọmọ ìyá ìkòkò Chamberland ni.

Ògiri tí ó lanu

Bí a bá ti pa ohun tí ó wà nínú ọkà, ó ku ohun tí ó wà níta. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò olú kò lè má lanu rárá, nítorí fọ́nrán olú ń mí bí a ti ń mí. Ìbéèrè náà wá ni pé: báwo ni ògiri yóò ṣe lanu kí aláǹgbá má sì wọ ibẹ̀?

Òwú ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Ní 1854, àwọn ará Jámánì méjì, Schröder àti von Dusch, fi òwú sẹ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó dé ara omi ẹran sísè, omi náà kò sì bàjẹ́. Ní nǹkan bí 1860, Louis Pasteur fi hàn pé kì í ṣe afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń ba oúnjẹ jẹ́, eruku tí ó gbé dání ni. Ó fa ọrùn ìgò gùn, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọ́rọ́kọ́; afẹ́fẹ́ wọlé, eruku sì dúró sí kọ́rọ́ ọrùn náà. Ó tún gbé ogún ìgò lọ sí ibi mẹ́ta ní 1860, ó ṣí wọn, ó sì tún wọn dé. Nínú ogún tí ó ṣí létí ìlú rẹ̀ Arbois, 8 bàjẹ́. Nínú ogún tí ó ṣí lórí òkè Jura, 5. Nínú ogún tí ó ṣí lórí yìnyín òkè gíga Alps, 1 péré. Kò sí ibi tí kò sí eruku rárá, ṣùgbọ́n ibìkan ju ibìkan lọ. Ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń gbin olú nínú ilé: kò ní láti rí ibi tí èérí kò sí, ibi tí ó kéré jù ni kí ó wá.

Tyndall tí a ti sọ nípa rẹ̀ ni ó kọ́ wa bí a ṣe lè ṣe irú ibẹ̀ sórí tábìlì. Ó kan àpótí onígi tí ó ní gíláàsì níwájú, ó fi òróró glycerine ra inú rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ó tan iná sínú rẹ̀ tí kò sì rí eruku kan tí ń fò, ó mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ ara àpótí. Kò sẹ́ afẹ́fẹ́, kò sì fi iná sí i. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan ni ó lò. Ní 1962, Willis Whitfield ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà kejì: ó mú kí afẹ́fẹ́ tí a ti sẹ́ máa fẹ́ lójú kan náà láìdáwọ́ dúró, kí ó máa gbá eruku lọ. Yàrá Whitfield gbówó lórí. Àpótí Tyndall kò ju ike onídèérí tí a dá ihò ọwọ́ méjì sí lọ.

Ilé ìdáná tún mú ohun kan wá. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Robert Koch ń wá ohun tí yóò dì bí ẹ̀kọ, tí kò sì ní yọ́ nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbóná, kí kòkòrò kọ̀ọ̀kan lè dá dúró lórí rẹ̀ kí a lè rí i. Fanny Hesse, ìyàwó ọ̀kan nínú wọn, ni ó sọ ní 1881 pé kí wọ́n lo agar, ohun tí a ń rí lára ewéko òkun, tí òun fi ń ṣe oúnjẹ dídì nínú ilé. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò kan tí ó ti gbé ní Java ni ó ti gbọ́ nípa rẹ̀. Koch dárúkọ agar nínú ìwé rẹ̀ ní 1882, kò dárúkọ obìnrin náà. Láti ọjọ́ náà ni a ti lè fi fọ́nrán olú sórí ohun dídì, kí a wo ibi tí ó mọ́, kí a gé e, kí a sì fi ibi tí ó bu sílẹ̀.

Àṣírí àti ìtagbangba

Nísinsìnyí, gbogbo ohun èlò ti pé. Ní 1894, ní ilé iṣẹ́ Pasteur ní Paris, Julien Costantin àti Louis Matruchot mú lẹ́búlẹ́bú olú hù níbi tí kò sí ohun alààyè mìíràn, wọ́n sì rí irúgbìn tí ó mọ́ ní tòótọ́. Wọ́n tà á, ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ irúgbìn mímọ́ ní láti rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ àṣírí rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ní 1902, Margaret Ferguson tẹ ìwé jáde lórí bí lẹ́búlẹ́bú olú ṣe ń hù. Ní 1905, Benjamin Duggar, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ibẹ̀, tẹ ọ̀nà tí ó rọrùn ju ti Paris lọ jáde fún gbogbo ayé: kí a mú olú tútù tí ó yè, kí a fà á ya sí méjì, kí a sì fi ọ̀bẹ tí iná ti jó mú ẹran kíún láti àárín rẹ̀. Ara òde olú kún fún eruku, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́. Àgbẹ̀ kò nílò láti bẹ ẹnikẹ́ni mọ́.

Orí ìgbẹ́ ẹṣin tí a ti sè nínú ìgò ni wọ́n ṣì ń tọ́ fọ́nrán yìí títí di 1932, nígbà tí James Sinden ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ Pennsylvania gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irúgbìn orí ọkà. Ìgbẹ́ máa ń lẹ̀ pọ̀ di ìṣù, ẹni tí yóò gbìn ín a máa fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Hóró ọkà dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá mi ìgò, ó fọ́n ká. Hóró kọ̀ọ̀kan á sì di ibi tí fọ́nrán yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ìbẹ̀rẹ̀ ni ó túmọ̀ sí àkókò kúkúrú, àkókò kúkúrú sì ni olú fi ń ṣíwájú èérí. Síbẹ̀, ohun tí ọkà fi dára náà ni ó fi léwu: ó lọ́ràá ju ìgbẹ́ lọ, ìjẹkújẹ èérí kan ṣoṣo sì tó láti gba gbogbo ìgò.

Nígbà tí Paul Stamets àti J. S. Chilton tẹ ìwé The Mushroom Cultivator jáde ní 1983, iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti yàrá ìṣèwádìí àti ilé iṣẹ́ ńlá ti padà sí ilé ìdáná tí ó ti jáde. Kì í ṣe pé ewu ti tán. Láti 1985, oríṣi Trichoderma kan, tí í ṣe ohun bíbu aláwọ̀ ewé, bẹ̀rẹ̀ sí í pa oko olú run ní Ireland. Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1990 sí 1999. Àwọn tí wọ́n ní yàrá afẹ́fẹ́ sísẹ́ pàdánù. Ìmọ́tótó kì í ṣe ohun tí a ń ra lẹ́ẹ̀kan tí a sì gbàgbé.

Ohun tí ó ti wà lọ́wọ́ wa

Kí a tó parí, ó yẹ kí a wo ilé ara wa. Ẹni tí ń ṣe irù máa ń se igbá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, yóò bó o, yóò tún un sè, yóò sì fi ewé bò ó sínú igbá tàbí agbọ̀n kí ó lè móoru. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó di irù. Ta ni ó sọ ọ́ di irù? Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, Bacillus subtilis ni olórí wọn, kòkòrò kan náà tí Cohn sọ pé ó ń ká ara rẹ̀ sínú kóró líle. Iná pa àwọn tí kò lágbára, ó fi ààyè sílẹ̀ fún un. Ohun tí ó jẹ́ èérí nínú ìgò olú ni ó jẹ́ onílé nínú igbá irù. A rí i nígbà náà pé èérí kì í ṣe orúkọ ohun kan. Orúkọ àlejò tí a kò pè ni. Àlejò yìí kan náà, bí a bá pè é sí ibòmíràn, a ó fi í se ọbẹ̀.

Ẹ wo ọ̀gán pẹ̀lú. B. A. Oso ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ̀wé ní 1975 lórí ohun tí àwa Yorùbá mọ̀ nípa olú, àwọn tí ń hù láti inú ilé ikán sì wà lára èyí tí a mọyì jù. Ikán gan-an ni ó ń gbìn wọ́n. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 30 ọdún sẹ́yìn, ní ilẹ̀ Áfíríkà, ni ikán ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Níwọ̀n ìgbà tí ikán bá wà nídìí iṣẹ́, olú tiwọn nìkan ni ó ń hù nínú ilé wọn. Bí a bá kó ikán kúrò, láàárín ọjọ́ díẹ̀ àwọn olú mìíràn yóò bo ibẹ̀. Kò sí ìkòkò préṣọ̀ nínú ọ̀gán. Ìtọ́jú ojoojúmọ́ ni ó wà níbẹ̀.

Bí ẹni tí ń gbin olú nínú ilé ṣe lè lo ìtàn yìí

Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí à ń gbé nínú iṣẹ́ yìí lónìí ní ìtàn nínú. Kí a wá ọkà jíjẹ, kì í ṣe ọkà gbígbìn tí wọ́n ti fi oògùn apakòkòrò pa lára. Kí a fọ̀ ọ́, kí a rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí 12 sí 24. Ìgbà yìí ni kóró inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jí, gẹ́gẹ́ bí Tyndall ti kọ́ wa. Kí a sè é títí yóò fi rọ̀, ṣùgbọ́n kí èèpo rẹ̀ má bẹ́. Kí a sẹ́ ẹ, kí a tẹ́ ẹ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, nítorí omi tí ó bá dúró nísàlẹ̀ ìgò ni ilé àwọn kòkòrò àìfojúrí. Kí a rọ ọ́ dé ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgò, kí àyè lè wà láti mì í. Kí a dá ihò sí ìdérí, kí a fi òwú dí i, kí a sì fi bébà onífàdákà bo òwú náà kí omi má baà wọ̀ ọ́.

Kí ìgò tí ó gba lítà kan wà nínú ìkòkò préṣọ̀ tí agbára ooru rẹ̀ jẹ́ póun-ùn 15 fún wákàtí kan ààbọ̀, kí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò nígbà tí agbára náà bá pé. Lẹ́yìn náà, kí a pa iná, kí a sì jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Bí ìgò bá ń tutù, ó ń fa afẹ́fẹ́ òde sínú. Ẹni tí ó bá kánjú ṣí ìkòkò nínú ilé oníeruku, èrò tí ó lé jáde ni ó ń pè wọlé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìgbà tí a bá fẹ́ fi fọ́nrán sí i ni ewu pọ̀ jù. Kí a pa fáànù, kí a ti fèrèsé, kí a ṣe é nínú àpótí bíi ti Tyndall. Kí a fi sípíríìtì ìdá 70 nínú 100 nu ọwọ́ àti ara ìgò, kí ó sì gbẹ pátápátá kí a tó tan iná láti jó ọ̀bẹ, nítorí sípíríìtì ń gbaná. Kí a má sọ̀rọ̀ lórí ìgò tí ó ṣí. Lẹ́yìn èyí, kí a kọ ọjọ́ sí i lára, kí a gbé e sí ibi tí kò gbóná jù, kí a sì mì í nígbà tí fọ́nrán bá ti gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ìgò tí ó bá bu, kí a má ṣí i nínú ilé láti gbóòórùn rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ dá a padà sínú ìkòkò kí ooru pa ohun inú rẹ̀. Ẹni tí ó ṣí i ti tú irúgbìn èérí sí gbogbo iṣẹ́ tí ó kù, bí koríko àtijọ́ ti ṣe fún Tyndall.

Ìgúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọkà tí ooru ti fọ̀ mọ́ báyìí, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni yíyàgàn. Ọ̀rọ̀ náà bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mu. Hóró ọkà tí ó wọ ìkòkò jẹ́ irúgbìn tí ó lè hù. Nígbà tí ó bá jáde, kò lè hù mọ́, ohun tí ó fara pamọ́ sí i lára kò sì lè hù. Ó ti di àgàn kí ó lè gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́. Àwa Yorùbá kò sọ ọ́ rí nítorí pé kò sí ẹni tí ó fi èdè wa ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wa, kì í ṣe nítorí pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tí ó tó o. Gbogbo ohun tí mo sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ tí ìyá oníru àti bàbá àgbẹ̀ mọ̀ ni mo fi sọ ọ́, àfi orúkọ àwọn ènìyàn àti ti àwọn kòkòrò díẹ̀.

Ní 1894, irúgbìn mímọ́ wà, àṣírí ni. Ní 1905, ó di ti gbogbo ènìyàn tí ó lè ka èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ tí ó ra àpò ọkà bàbà tí kò sì lè ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1894 ni òun ṣì wà. Ọgbọ́n tí a tẹ̀ jáde ní èdè tí ènìyàn kò gbọ́, àṣírí ni lójú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ wà lórí àtẹ ní gbangba. Iṣẹ́ àwa tí a wà ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí ni láti ṣí ìgò náà fún un, kí a sì ṣí i ní ọ̀nà tí èérí kò fi ní wọ ibẹ̀: kí ọ̀rọ̀ pé, kí ó tọ́, kí ó sì yé e.